Àmín Tí Oníbúrẹ́dì Ṣe

Kò sí òkú tí ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Raliat ò bá wọn sin ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Òkú olówó ni o, òkú tálákà tí wọ́n fi ẹní ká ni o, ìyá á ti gbé ìborùn lé èjìká, á ti mú tẹ̀sùbáà dání, á sì ti débẹ̀ kí wọ́n tó gbé omi ìwẹ̀kú kaná. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, ojú rẹ̀ kan sì ti fọ́, àmọ́ ẹ sọ fún un pé kó jókòó sílé, ẹ ó rí ìjà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: Marufat nìkan lòun bí, ọmọ kan ṣoṣo ò sì lè kún ojúlé. Àwọn tóun ń bá sunkún yìí náà ló máa wá bá ọmọ òun sunkún lọ́jọ́ tóun bá lọ. Ìyẹn nìkan ló kù tó ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Marufat mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ lọ sí Kútọnu tí kò wẹ̀yìn wò mọ́, ìyá yìí ló ṣí àpótí aṣọ tó ń tọ́jú de òkú ara rẹ̀, tó ta sányán, tó ta àlàárì, tó fi mọ ààrò búrẹ́dì fún un lẹ́yìnkùlé. Obìnrin tó ta aṣọ òkú ara rẹ̀ nítorí ọmọ, kí lẹ tún fẹ́ kó ṣe? Marufat búra níwájú ààrò náà pé ìyá òun ò ní lọ bí ẹni tí ò léèyàn. Ọ̀yọ́ máa dúró tì í, Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti bí i máa dúró tì í. Nítorí ìbúra yẹn ló ṣe ṣe gbogbo ohun tó ṣe.

Ọdún yẹn ni ìjọba ológun fòfin de àlìkámà òkè òkun. Fúláwà di ohun àwátì, ọ̀pọ̀ oníbúrẹ́dì sì kógbá sílé. Marufat ní tirẹ̀ jókòó ti ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ó ń pò ó, ó ń dà á nù, títí ó fi rí èyí tó wú, tó rọ̀, tó sì ṣeé fi mu tíì. Búrẹ́dì náà dára, irọ́ kọ́. Àmọ́ ta ló mọ̀? Ṣe ló ń hu lórí àtẹ, tí òun àti Mùjídàt, obìnrin tó ń bá a po ìyẹ̀fun, á sì máa wo ara wọn.

Ìgbà yẹn ni Ọládépò yọjú. Ọládépò ní mọ́tò Pijó ògbólógbòó kan tó gbé gbohùngbohùn méjì lórí bí ìwo màlúù. Ẹni tó bá kú, òun ni wọ́n ń pè kó ké e káàkiri. Ẹni tó bá ní ọjà, òun náà ni. Á fi ohùn kan ké òkú láàárọ̀, á fi ohùn kan náà ta ọṣẹ lọ́sàn-án, kò sì sẹ́ni tó rí i bí èèwọ̀. Ó ní, "Ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, àǹtí. Ẹ mọ̀ ọ́n sè, ẹ ò mọ̀ ọ́n ké."

Ìyá Raliat ò fẹ́. Ó ní bí iṣu ẹni bá ta, à fọwọ́ bò ó jẹ ni, kì í ṣe kéèyàn máa gbé e lé orí mọ́tò. Marufat rẹ́rìn-ín, ó sì san owó fún Ọládépò. Pijó yí ọjà Akẹ̀sán ká, ó yí Owódé ká, ó gba títì Ògbómọ̀ṣọ́ lọ títí dé Tákìè nílùú náà. Kò pẹ́, búrẹ́dì Marufat ò bá oòrùn lórí àtẹ mọ́. Ìyá tó ní kó fọwọ́ bo iṣu náà wá ń fi búrẹ́dì ṣe àlejò.

*

Ilé kan wà lẹ́yìn Tákìè tí wọn ò ti dunnú rárá. Jayéọlá ló ń se búrẹ́dì níbẹ̀, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan báyìí, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ohùn rẹ̀ ń jáde láàárín akọrin. Òun ló ń bọ́ àdúgbò náà kí Pijó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Báyìí, bí gbohùngbohùn bá ti ń bọ̀ lókèèrè, oníbàárà tó dúró níwájú rẹ̀ á yí ẹ̀yìn dà. Abigail ìyàwó rẹ̀ ti kó àwọn ọmọ lọ sílé bàbá rẹ̀, ó ní kó wá kó àwọn bí oúnjẹ bá padà sílé. Ọkùnrin náà ò sùn mọ́. Bó dijú, á máa gbọ́ ọ: búrẹ́dì Marufat, ó gbóná, ó rọ̀.

Ó lọ sí Ìkòyí-Ilé. Bàbá kan wà ní ìpẹ̀kun ìlú náà, létí oko, tí ẹnikẹ́ni kì í dárúkọ rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń nà án. Ọ̀sán gangan ni Jayéọlá débẹ̀, ìgbà tí òjìji èèyàn kì í jìnnà sẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bàbá náà jókòó, ó kọ ẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà. Kò wẹ̀yìn kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Obìnrin kan ń kígbe, ìwọ ò sì rí oorun sùn."

Jayéọlá yára sọ pé òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú o. Òun kàn fẹ́ kí igbe náà dákẹ́ ni.

Bàbá yíjú sí i, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì dé ojú rẹ̀. "Èmi kì í pa èèyàn. Ìkéde rẹ̀ ni màá sin."

Ó fún un ní ìyẹ̀fun kan nínú ewé, àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyẹ̀pẹ̀ ojú oórì tuntun. Ó ní kó bù ú sí ẹnu gbohùngbohùn náà. Lẹ́yìn náà ló fi ìka bu nǹkan dúdú kan, ó sì fi pa ẹ̀yìn etí Jayéọlá méjèèjì kí ìyẹn tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ tutù títí wọ eegun. Ó ní, "Kí etí tìrẹ má baà bá tiwọn lọ. Bó bá ṣe rí gan-an ni wàá máa gbọ́ ọ. Ẹni tó dẹ pàkúté ló yẹ kó máa rí ojú rẹ̀." Ó tún ní bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn obìnrin náà tí kò dáhùn, iṣẹ́ náà á kọjá lọ bí afẹ́fẹ́. Bó bá dáhùn, ó ti wọlé nìyẹn. Jayéọlá bi í pé kí ni obìnrin náà máa dáhùn sí. Bàbá tún kọ ẹ̀yìn sí i.

Lọ́jọ́ ọjà, Ọládépò gbé Pijó kalẹ̀ ní gáréèjì Tákìè, ó lọ ra omi mu. Jayéọlá gun ẹ̀yìn mọ́tò bí ẹni tó ń wo ẹ̀rọ tó wù ú, ó sì da ohun ọwọ́ rẹ̀ sínú ìwo méjèèjì. Àwọn ewúrẹ́ tó sùn sábẹ́ mọ́tò dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n bọ́ sínú oòrùn, wọn ò sì padà sí ibòji náà mọ́.

*

Ọjọ́bọ̀ ni. Marufat ti ki ọwọ́ méjèèjì bọ ìyẹ̀fun títí dé ìgúnpá nígbà tí ìyá arúgbó kan tí kò mọ̀ rí dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó borí, tó ń bi í pé ṣé ilé oníbúrẹ́dì nìyí. Marufat ò gbójú sókè. Ó ní ilé rẹ̀ ni, ẹ máa wọlé.

Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó dẹ ilẹ̀ fún un."

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í gbọ́ àdúrà kó panu mọ́. "Àmín," ni Marufat wí, ó ṣì ń po ìyẹ̀fun rẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà yẹn ló tó gbójú sókè. Ó béèrè pé ta ló kú.

"Oníbúrẹ́dì náà ni. Marufat. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ké e kọjá lójú títì ni."

Ìyẹ̀fun tutù mọ́ ọn lọ́wọ́. Kó tó rí ọ̀rọ̀ sọ, àwọn mìíràn ti ń wọlé, wọ́n di gèlè mọ́ ìbàdí, omi lójú wọn. Àwọn tó mọ̀ ọ́n lójú rí i, wọ́n figbe ta, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ. Ohun kan náà ni gbogbo wọn sọ pé àwọn gbọ́, ohùn Ọládépò ló sì jẹ́ fún gbogbo wọn: Marufat ọmọ Raliat, oníbúrẹ́dì Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ti jáde láyé.

Ó sáré bá Ọládépò. Ọkùnrin yẹn búra, ó fi ojú ara rẹ̀ búra, pé búrẹ́dì gbígbóná lòun ké. Wọ́n jọ wọ mọ́tò náà. Marufat jókòó tì í, ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ bó ti ń jáde lẹ́nu rẹ̀: búrẹ́dì Marufat, ó gbóná, ó rọ̀, ẹ bá wa rà á. Ó sì ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Àwọn obìnrin ń ká ọwọ́ lérí. Bàbá kan ṣí fìlà. Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá títì, ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń sunkún. Ìbẹ̀rù tó mú Marufat lọ́jọ́ náà, kò sí bí mo ṣe lè sọ ọ́.

Kí ni ẹni tó ń polówó á ṣe? Ó fi kún ìpolówó ni. Ó ta yẹtí ara rẹ̀, ó ní kí Ọládépò máa ké e pé Marufat wà láàyè, pé búrẹ́dì rẹ̀ wà. Bó ti ń san owó sí i, bẹ́ẹ̀ ló ń kú sí i. Búrẹ́dì òkú, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Àwọn ẹgbẹ́ Ìyá Raliat pàápàá ò wá pè é lọ síbi òkú mọ́. Bí ìyá bá fi ọ̀pá wá ibẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, wọ́n á sún kúrò lórí ẹní, wọ́n á fi òun nìkan sílẹ̀. Ó darí wálé lọ́jọ́ kan, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Marufa, kí la ṣe fún wọn?"

Marufat wá rò ó pé ojú làwọn èèyàn á fi gbàgbọ́. Ó gbé àtẹ búrẹ́dì, ó wọ mọ́tò lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀, ó dúró láàárín Tákìè lọ́sàn-án gangan. Obìnrin kan ti ń na owó sí i kó tó wo ojú rẹ̀. Owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn, ó ní, "Àkúdàáyà."

Ẹ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ń ṣe lójú ọjà. Ẹni tó kú ní Ọ̀yọ́ tó tún wá ń tajà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ta ló fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ kan òun? Ìsọ̀ dá, igbá yí, àwọn tó dàgbà ń wí dákun dábọ̀ láti ọ̀nà jíjìn pé kó máa lọ ibi tó ń lọ. Marufat nìkan ló kù nínú oòrùn pẹ̀lú àtẹ rẹ̀. Ó wo yíká, ó rí ọkùnrin kan tí kò sá, tó dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì kan, tó ń wò ó.

"Bùọ̀dá, ẹ gbà mí," ni Marufat wí. "Ṣé ẹ rí mi? Èèyàn ni mí o."

Ọkùnrin náà rí i. Ó mọ̀ pé èèyàn ni. Jayéọlá fà sẹ́yìn, ó sì ti ilẹ̀kùn.

*

Àfáà Israfil kì í ṣe àfáà aláriwo. Ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ máa ń ṣókùnkùn lọ́sàn-án, òórùn tàdáwà àti tùràrí ló máa ń kí èèyàn káàbọ̀. Marufat kúnlẹ̀, ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bó ti ń rò ó, alángbá kan já bọ́ láti òkè àjà sáàárín wọn, ó kú síbẹ̀, àfáà sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀.

Ó béèrè pé ẹni àkọ́kọ́ tó wá, tó ṣàdúrà fún òkú, kí ni Marufat fi dá a lóhùn.

Marufat rò ó wò. Ó ní àmín ni.

Àfáà gbé kálámù sílẹ̀. "Ilẹ̀kùn ni àmín. Wọ́n kàn án, ìwọ fúnra rẹ lo ṣí i."

"Àdúrà ni mo gbọ́, àfáà. Ta ni kì í ṣe àmín?"

"Ohun tí ẹni tó rán an wá gbójú lé náà nìyẹn."

Ó ní òun ò lè yọ iṣẹ́ náà jáde, nítorí àlejò tí onílé fẹnu ara rẹ̀ pè wọlé kì í ṣeé lé. Àmọ́ òun lè yí ojú rẹ̀ padà. Bí òun bá yí i, ikú Marufat tí wọ́n bá ké, ọjà ni aráyé máa gbọ́. "Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Ilé tó bá ń fi ikú polówó, ọjọ́ kan ń bọ̀..."

"Ẹ yí i, àfáà."

"Jẹ́ kí n parí rẹ̀."

"Ẹ yí i."

Ojú tó pọ́n kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ tó kù. Ká ní ó dúró gbọ́ ni! Àfáà kọ wàláà kún, ó fi omi fọ̀ ọ́ sínú ìgò, ó sì ní kó dà á sẹ́nu gbohùngbohùn.

Ọládépò kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ti ké òkú púpọ̀, òun ò ké alààyè rí. Marufat tó jù ú lọ wá kúnlẹ̀ fún un nínú eruku. Ọkùnrin náà gbé máìkì, ó ń làágùn, ó sì sọ ọ́: inú wa bàjẹ́ láti kéde pé Marufat ọmọ Raliat, oníbúrẹ́dì, ti jáde láyé. Marufat jókòó tì í, ó ń gbọ́ ikú ara rẹ̀ bó ti ń lu ògiri ilé onílé tó sì ń padà.

Obìnrin kan tó ń yan ẹ̀pà gbójú sókè. Ẹ̀rín gba ojú rẹ̀. Ó fọwọ́ dá mọ́tò dúró, ó ní ṣé ó ṣì gbóná.

*

Ọjà wá padà, ó sì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹni tó sunkún rẹ̀ lánàá wá ń bú u pé kí ló dé tí búrẹ́dì fi tètè ń tán. Àwọn ẹgbẹ́ Ìyá Raliat padà wá pè é, ìyá sì gbé ìborùn rẹ̀. Marufat á jókòó, á máa wo ìyá rẹ̀ bó ti ń jẹ búrẹ́dì rírọ̀ pẹ̀lú erìgì, á sì ní ohun gbogbo ti parí. Àmọ́ kò ṣe àmín sí àdúrà kankan mọ́. Bí wọ́n bá ṣàdúrà fún un, á bu ètè jẹ.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Jayéọlá gbọ́ mọ́tò náà tó ń bọ̀, ó sì gbọ́ ohun tó ń wí gan-an. Marufat ti kú. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Èmi ni mo pa á, ló ń wí, èmi ni. Ibẹ̀ ló ti rí àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n ń sáré jáde, owó lọ́wọ́, tí wọ́n ń pariwo búrẹ́dì. Ó rò pé orí òun ti dàrú. Ó sáré lọ sí Ìkòyí-Ilé, bàbá náà ò sì jẹ́ kó wọlé. Láti inú ilé ló ti sọ pé wọ́n ti yí iṣẹ́ náà, pé kò gbọ́ tòun mọ́. Jayéọlá bi í pé etí òun ńkọ́. Ó ní ìyẹn ò ní ìyípadà.

Ààrò Jayéọlá tutù pátápátá. Kò sóhun tó ń ṣe mọ́ ju kó jókòó lọ, bí mọ́tò bá sì kọjá, òun nìkan á máa gbọ́ ìkéde òkú láàárín àwọn tó ń rẹ́rìn-ín.

Nǹkan kékeré kan ṣẹlẹ̀ nílé Marufat tí kò yẹ kó fojú fò. Ewúrẹ́ Mùjídàt kú. Mùjídàt ké sí aládùúgbò lórí ògiri pé ewúrẹ́ òun ti kú o. Aládùúgbò náà ní ó dáa, ó sì na owó búrẹ́dì sí i lórí ògiri. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i nígbà tó ṣẹlẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rín náà kúrò lójú Marufat.

*

Ìyá Raliat ṣàìsàn, kò pẹ́. Ìdájí ọjọ́ kan, bí ladáànì ti ń pèrun, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ó bi í pé, "Ṣé wọ́n á gbọ́?"

"Wọ́n á gbọ́, ìyá mi."

Ìyá mí, kò sì mí mọ́. Bí Marufat ti lanu láti figbe ta ni ọ̀rọ̀ àfáà padà wá bá a, èyí tí kò jẹ́ kó parí. Ilé tó bá ń fi ikú polówó. Ó pa ẹnu dé.

Mùsùlùmí kì í fi òkú pamọ́. Kí oòrùn tó yẹ̀, wọn gbọ́dọ̀ ti kírun sí i lára, nítorí náà ìkéde ò lè dúró. Marufat ní kí Ọládépò yí Ọ̀yọ́ ká, kó sì lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ bá àwọn ẹbí ìyá. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ ọ́ ketekete, kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì níbi tó bá yẹ kó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó rán Mùjídàt láti ilé dé ilé láti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mùjídàt lọ ké ikú, ó sì sunkún padà wálé pẹ̀lú owó búrẹ́dì lọ́wọ́, nítorí wọ́n ń kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dáadáa, ojúlé ti kún. Gbogbo Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wà níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ ìyá, àwọn tí ìyá ti bá sin bàbá, sin ọmọ, sin ọkọ. Wọ́n kún bí ìyá ti ń fẹ́ kí wọ́n kún gan-an, abọ́ lọ́wọ́ wọn, àpò lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn, wọ́n ń béèrè bóyá ààrò ti gbóná.

Marufat jáde sí wọn, ó káwọ́ lérí. "Ìyá mi ti kú o!"

"Fún mi ní èyí tó tóbi," ni ọ̀kan dá a lóhùn.

Ó fa obìnrin kan, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ tímọ́tímọ́, ó wọ́ ọ wọ yàrá, ó sì ṣí aṣọ lójú òkú. Obìnrin náà wolẹ̀, ó rọra bò ó padà. Ó ní kí wọ́n má jí ìyá, kí wọ́n jẹ́ kó sùn, búrẹ́dì tòun méjì ni. Marufat ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀, ó sì sunkún títí ohùn rẹ̀ fi pin. Kò sẹ́ni tó gbé e dìde.

Mùjídàt ló bá a wẹ òkú. Àfáà Israfil wá, kò sì lè wo ojú rẹ̀. Ọládépò padà dé láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní wọ́n gbọ́ o, gbogbo wọn ló ń dá òun dúró láti ra búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wọ mọ́tò tẹ̀lé òun.

Ọkùnrin náà wọlé, ó ti rù, aṣọ dúdú ló wọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ kú aráfẹ́rakù, ìyá oníbúrẹ́dì."

Láti ìdájí tí gbogbo ayé ti ń wá, ẹni àkọ́kọ́ tó kí i nìyí. Marufat mọ ojú náà. Ilẹ̀kùn tí wọ́n tì mọ́ ọn nínú oòrùn Tákìè ló kọ́kọ́ rántí. Ó bi í pé, "Báwo ni ẹ̀yin nìkan ṣe gbọ́?"

Jayéọlá ò dìde nílẹ̀. "Etí tèmi ò sí nínú rẹ̀."

Marufat sì mọ gbogbo rẹ̀ níbi tó dúró sí. Ó mọ ẹni tó kan ilẹ̀kùn. Ó ṣe é bíi kó fi odó fọ́ ọ lórí, ọwọ́ rẹ̀ sì ti ń wá odó. Àmọ́ òkú ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀, ọkùnrin mẹ́ta péré ló wà tó mọ̀ pé òkú ni, ọ̀kan nínú wọn sì rèé. Ó nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ṣọ́bìrì wà. Jayéọlá dìde, ó bọ́ ẹ̀wù, òun àti Ọládépò sì gbẹ́ sàréè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Àfáà àti Ọládépò nìkan ló kírun sí ìyá lára, ìyá tó ti kún ẹ̀yìn òkú gbogbo ìlú. Jayéọlá tí kì í ṣe ìmàle dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń sunkún. Lójúlé, ayé ń pariwo búrẹ́dì.

Nígbà tí wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ bò ó tán, Marufat wo ààrò, ó wo ilẹ̀kùn, ó sì ní kí wọ́n kó búrẹ́dì tí wọ́n sè lánàá jáde, gbogbo rẹ̀. Jayéọlá gbé àtẹ kan, Ọládépò gbé òmíràn. Marufat dúró lójú wọn, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń bu búrẹ́dì, ó ń fi lé wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ń sọ ohun kan ṣoṣo tí ohùn rẹ̀ tó kù gbé: "Sàráà ni. Ẹ gbà, sàráà ni."

Ó yà wọ́n lẹ́nu. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í gba sàráà kó panu mọ́. Àwọn obìnrin tí ìyá ti bá sunkún rí gbé búrẹ́dì sókè, èéfín ẹ̀rín ṣì wà lójú wọn, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n ń ṣàdúrà fún. Ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àwọn yòókù sì gbè é, títí gbogbo ojúlé fi ń wí i pọ̀.

"Kí Ọlọ́run gbà á. Kí Ọlọ́run gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é, àti lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é."

Marufat ti bu ètè jẹ bó ti máa ń ṣe. Ó wẹ̀yìn wo iyẹ̀pẹ̀ tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu.

"Àmín," ló wí, ó sì na búrẹ́dì sí ẹni tó kàn.